Àbẹ̀kẹ́, Eérú Ni Kí Ẹ Fi Pa Ẹ̀wà Mọ́

Mushin, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó fi ojú jọ ìyá mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Dẹ́rẹ́bà tó mú un wá kò tíì mu omi tí ìyá rẹ gbé fún un tó fi ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ó di nǹkan kan fún mi o. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà." Mo bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Ó ní òun ò mọ̀, ó wà nínú lẹ́tà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà á, inú mi ń dùn, títí mo fi dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé: "Baálẹ̀ Ìdí-Igbá ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn wá oògùn kòkó ní Ìjòrà, torí ẹ̀yin lẹ wà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀wà wọn tán. Wọ́n fẹ́ wọ́n ọn sí i kó lè dé ìgbà òjò." Mo tún ibẹ̀ kà. Ìyá rẹ kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ojú mi í kà. Ó ní, "Kí ló ṣe ọmọ náà?" Mo ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Torí pé kò tíì ṣe nǹkan kan ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, gba ìdáhùn: rárá. Mi ò ní rà á, mi ò ní fi ránṣẹ́. Bí ẹlòmíràn bá sì gbé e dé, má jẹ́ kó kan ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí o ráyè ka ìyókù, èyí tó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí a bá ní kí o má fọwọ́ kan iná, ìwọ á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí iná ṣe.

Nígbà tí ìjọba gbà ọ́ síṣẹ́ àgírìkì, tí wọ́n ní apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé ọ lọ, mo yangàn kiri àdúgbò yìí títí mo fi sú àwọn èèyàn. Mo ní ọmọ mi ló ń lọ kọ́ àwọn ìyàwó àgbẹ̀ bí oúnjẹ ṣe ń pẹ́ nílé, kí ebi má baà pa wọ́n nígbà tí iṣu tuntun ò tíì dé. Ìyá rẹ nìkan ni kò yangàn. Lọ́jọ́ tí o dárúkọ Ìdí-Igbá mọ́ àwọn abúlé tí wàá máa bẹ̀ wò, ó dìde láàárín wa, ó lọ ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. O rí i. O wo ojú mi, mo wo ibòmíràn.

O máa ń bèèrè nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló dé tí a kì í se ẹ̀wà nílé wa. Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yìí ló ń sè é. Ilé àwọn aládùúgbò ni o ti ń lọ jẹ ẹ́, wàá nu ẹnu rẹ kí o tó wọlé, àwa náà á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ òórùn àlùbọ́sà lẹ́nu rẹ. Ìyá rẹ á ní ẹ̀wà ń ru òun nínú. Irọ́ ni. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó ẹ̀wà.

O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ràímì. O mọ̀ pé Ìdí-Igbá ló kú sí, lọ́dọ̀ ìyá mi, nígbà tí oyún rẹ wà nínú. Ìyókù, a kò jókòó sọ ọ́ fún ọ rí. Kì í ṣe pé a fi pa mọ́ fún ọ, ẹnu wa ni kò gbé e. Wàyí o, ó di dandan kí ẹnu gbé e.

Orí páànù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ alábàárù ní Ìjòrà, apá mi le, orí mi sì le jù ú lọ. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ Ìdí-Igbá tó bá wà lÉkòó tí ilé bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ilé bẹẹrẹ, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Mo fi ebi pa ara mi lÉkòó, mo ra páànù, mo dì í sẹ́yìn lọ́rì, mo bá a lọ sílé. Nígbà tí oòrùn kọ́kọ́ tàn sí i, gbogbo abúlé ló jáde wá wò ó. Mo rò pé mo ti di èèyàn.

Ìyá mi ní àjà kan nínú ilé bẹẹrẹ náà. Igi ni wọ́n tò sókè ààrò. Ibẹ̀ ni àgbàdo ń so rọ̀ sí pẹ̀lú háhá rẹ̀, ibẹ̀ ni akèrègbè ẹ̀wà àti ti irúgbìn ń jókòó lé, èéfín á máa gba abẹ́ wọn kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́. Kòkòrò kì í yà síbẹ̀. Mo ní kí káfíńtà wó o. Èéfín á sọ páànù mi di dúdú, àbí? Mo ní kí wọ́n kó ààrò lọ sẹ́yìnkùlé, sábẹ́ ahéré tí kò ní ògiri, kí atẹ́gùn máa gbé èéfín lọ sínú igbó.

Ìyá mi dúró láàárín ilé, ó ń wo òkè. Ó ní, "Làsísì, níbo ni n ó wá kó oúnjẹ mi sí?"

Mo ní, "Ìyá mi, àpò wà. Ẹ rọ ọ́ sápò, ẹ gbé e sí yàrá. Ilé páànù kì í ṣe ilé èéfín."

Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo mọ ilé. Èmi, oúnjẹ ni mo mọ̀." Ó sì gbálẹ̀ ibi tí ààrò wà, kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi fara wé wa. Ẹni tí kò lówó páànù gan-an wó àjà tirẹ̀, wọ́n ní ohun àtijọ́ ni. Àgbàdo ọdún kejì kò rí ìgbà òjò kó tó lu. Bí o bá gbé àpò ẹ̀wà, ìyẹ̀fun á máa dà láti abẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi. Mo fi owó ránṣẹ́ padà, mo ní kó ra òmíràn. Lọ́wọ́ ta ni? Gbogbo wọn ni ohun kan náà ṣe. Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa ebi abúlé nìyẹn. Ojú ọ̀run kò gbẹ lọ́dún náà. Ilẹ̀ ṣe tirẹ̀, àwọn èèyàn mi kórè. Inú ilé ni oúnjẹ ti kú.

Àárín ìyẹn ni Bùráímọ̀ àbúrò mi ti oko kòkó dé láti ọ̀nà Oǹdó, níbi tó ti lọ ṣe lébìrà. Ó bá ìyá wa tó ń ṣa ẹ̀wà, tó ń sọ èyí tó pọ̀ ju èyí tó ń mú lọ nù. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó mú igò kan jáde. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tí à ń fọ́n sí kòkó rèé. Kòkòrò tó bá gbóòórùn ẹ̀, ó parí."

Ìyá wa ní, "Èèyàn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ó ṣáà fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó sè é."

Má fi ìyẹn kórìíra rẹ̀. Ojú àánú ló fi ṣe é. Ó rí ìyá rẹ̀ tó rù, ó sì mú ohun tó ní wá. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Bùráímọ̀ kò mọ̀ pé ata wà lẹ́nu òun.

Ràímì wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Oyún rẹ ń dá ìyá rẹ láàmú, mo ní kí ọmọ lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi kí ìyá rẹ lè sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi fi ẹ̀wà tí wọ́n ti fọ́n oògùn náà sí se àdàlú. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Ó sè é títí ó fi rọ̀. Omi kò rí oògùn náà mú kúrò, iná kò sì rí i pa. Òun, Ràímì, àti Ṣìfáwù ọmọ Bùráímọ̀ jókòó yí abọ́ náà ká. Bùráímọ̀ ti lọ sóko. Ìyàwó rẹ̀ ń gba ààwẹ̀ nàfílà lọ́jọ́ náà, kò fẹnu kàn án. Kó tó di ìrun Àílà, èébì ti dé, ara wọn ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ti tán. Ràímì ló kẹ́yìn. Wọ́n ní omi ló ń bèèrè.

Mo dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin wọ́n. Mo bá akèrègbè ẹ̀wà ní yàrá. Mo ṣí i. Àbẹ̀kẹ́, kò sí ihò kan lára ẹ̀wà náà. Ó ń dán, ó dúró ṣámúṣámú, ẹ̀wà tó dára jù lọ tó kù ní Ìdí-Igbá nìyẹn. Bí mo ṣe ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé láti lọ rì í mọ́lẹ̀, obìnrin aládùúgbò kan tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Bàbá Ràímì, ẹ forí jì mí o. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà lẹ fẹ́ dà nù ni? Bí n bá rẹ ẹ́ sómi dọ́la ńkọ́?" Ó wá bá mi kẹ́dùn, ó sọkún tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ nílé. Mo da ẹ̀wà náà sí kòtò, mo da karosíìnì lé e, mo sì jókòó ti kòtò náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n lè wá hú u. Ìsìnkú ọmọ mi ni mi ò bá, kòtò ẹ̀wà ni mo wá ń ṣọ́.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. N ó kà á ní ení, èjì bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà.

Ìkíní: ohun tó bá pani, máa pè é ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ará yòókù ní Ìdí-Igbá kò gbọ́n nínú tiwa, nítorí wọn kò gbà pé kòtò ni. Wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n. Wọ́n wò yí ká, wọ́n rí ìyàwó Bùráímọ̀ tí kò jẹ nínú oúnjẹ náà. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló gbààwẹ̀? Obìnrin tí ọmọ tirẹ̀ kú! Wọ́n lé e kúrò ní abúlé pẹ̀lú ọyàn tí kò tíì gbẹ láyà rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo sọ pé oògùn ni, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ròkè, ọ̀fọ̀ ti mú mi lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Baálẹ̀ tuntun yìí, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, fi lè jókòó kó sì ní kí ọmọ Làsísì bá òun wá oògùn kòkó. Kò ṣe é láti fi mí ṣẹ̀sín. Kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún un.

Nítorí náà, kí o tó dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, lọ sí ilé Bùráímọ̀. Ilé tó kángun sódò ni. Kúnlẹ̀, kí i dáadáa, sọ pé èmi ni mo rán ọ. Yóò ní ó rẹ òun. Yóò ní òun kì í bá wọn dé àárín ìlú. Má bá a jiyàn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi mú fìlà. Ẹ jọ lọ. Ka ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ikú yìí sí etí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà, kà á sókè, kí o sì jẹ́ kí Bùráímọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé igò òun ni. Bí ó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún. Kí ẹ sì sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí gbangba, kí ẹ ní kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Obìnrin náà kò ní padà mọ́, àmọ́ ó tọ́ sí i.

Èkejì: má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa láìfi òmíràn sí i lọ́wọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí o bá sọ pé "ẹ má lo oògùn" tí o dákẹ́, wọ́n á ní ẹ ṣeun, wọ́n á sì wá a lọ́nà Oǹdó. Eérú ni kí o fi sí wọn lọ́wọ́. Ohun tí ìyá mi ń ṣe kí n tó ní kó rọ oúnjẹ sápò nìyí, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ti kọ́ ọ ní nǹkan tó jọ ọ́, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Kí wọ́n fẹ́ ẹ̀wà náà, kí wọ́n ṣa èyí tó ti lu kúrò. Kí wọ́n sá èyí tó kù sórí páànù tí oòrùn ti yan gbóná, ní ọ̀sán gangan, kí kòkòrò tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀ kú. Páànù tó lé èéfín lọ, ẹ jẹ́ kóun náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sá irúgbìn sórí páànù o, ooru náà á pa ọmọ inú rẹ̀, kò ní hù. Orí ẹní ni kí wọ́n sá irúgbìn sí. Lẹ́yìn náà, eérú igi tó ti tutù, tí a ti sẹ́, ni kí wọ́n pò mọ́ ọn: bí ẹ̀wà bá ṣe pọ̀ tó ni kí eérú pọ̀ tó. Kí wọ́n rọ ọ́ kún ìkòkò títí dé ẹnu, kí wọ́n tún da eérú lé e lórí, kí wọ́n fi amọ̀ dí i. Kó má ṣe sí ẹni tí yóò máa ṣí i wò láràárọ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tuntun. Sọ fún wọn pé eérú, omi ń ṣàn án dànù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti inú igò nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ àjà. Má wọ ilé ìdáná obìnrin bí ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ṣàyẹ̀wò. Bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó dàgbà jù pé báwo ni ìyá tiwọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọmọ Èkó, kí lo fẹ́ fi àjà ṣe?" Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Bí o bá ti jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń to igi rẹ̀, wọn kò ní lè sọ mọ́ pé ohun àtijọ́ tí kò wúlò ni. Ẹni tó bá ní páànù lè kọ́ ilé ìdáná alámọ̀ kékeré sẹ́yìnkùlé, kó fi bẹẹrẹ bò ó, kó kọ́ àjà sínú rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bàbá kan wà ní Mushin níbí tí inú rẹ̀ ì bá dùn láti rí páànù tó dúdú.

Ẹ̀kẹrin: o kọ̀wé pé ọ̀gá yín ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúǹkan-tutù tí ìjọba máa kó wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó dé. Ṣùgbọ́n má bá wọn ṣèlérí rẹ̀ lábúlé. Ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, mo mọ ohun tó wà nídìí òtútù. Lọ́jọ́ kan iná lọ ní Ìjòrà, kò dé. Wọ́n tan jẹ́nẹ́rétọ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọ̀gá wa ń sáré kiri, ó ń kígbe pé, "Ó ti nọ́ọ̀kì o! Ẹ má ṣí dóò! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí dóò!" A ò ṣí i. Ẹja ò tìtorí ìyẹn dúró. Nígbà tó yá, omi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti abẹ́ ilẹ̀kùn wá sí ẹsẹ̀ wa. Àwa náà la kó ẹja yẹn lọ dà nù, lọ́rì lórí lọ́rì. Bí a ṣe ń gba Òtò kọjá, àwọn èèyàn ń sá tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ike, wọ́n ní kí a já a sílẹ̀ fáwọn, àwọn á yan án. Mo tún rí obìnrin Ìdí-Igbá tó tẹ̀ lé mi dé kòtò yẹn nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́. Ohun tí iná ẹlòmíràn ń bá wa pa mọ́, ẹlòmíràn náà ló ni ín. Oòrùn, èéfín àti eérú kì í nọ́ọ̀kì.

Mi ò mọ èyí tó kàn mọ́, nítorí ìyá rẹ dá mi dúró kí n wá jẹun. Jẹ́ kí n kàn sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù.

Eérú kò ní dá ohun tí kòkòrò ti jẹ padà. O ti pẹ́ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún yìí. Bí ìwọ àti Bùráímọ̀ bá tiẹ̀ rí wọn yí lọ́kàn padà, ebi ṣì ń bọ̀ ní Ìdí-Igbá nígbà òjò. Wàá rí ọmọ tí irun orí rẹ̀ ń pọ́n, tí ikùn rẹ̀ ń tóbi. Wàá rí àgbà tó ń sọ pé òun ti jẹun kí ọmọ lè jẹ. Wọ́n á máa wò ọ́. Ẹnìkan á sọ ọ́ sí ọ lójú pé, "Àǹtí, oògùn tí ẹ ò jẹ́ ká lò ló fà á o." Ọ̀rọ̀ náà á dùn ọ́ dé eegun, nítorí apá kan rẹ̀ á jọ òótọ́. Ẹ̀wà tí wọn ò bá lo oògùn sí, kòkòrò á tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Má sá padà wá sí Mushin. Má sì torí omijé ẹnìkan yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Ebi ń jẹ́ kéèyàn rí ọ̀la, bó bá tilẹ̀ burú. Igò yẹn kò jẹ́ kí ọmọ mi rí ìrọ̀lẹ́. Ohun tó bá kù ní ìkórè tó ń bọ̀, kí wọ́n bá a nínú eérú. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń kúrò, wọn kì í fi igò lé e.

Ẹrù tí dẹ́rẹ́bà máa gbé fún ọ lọ́jọ́bọ̀ nìyí: àwọn agolo bísíkíìtì ńlá tí ìdérí wọn ṣì le, fún àwọn tí kò ní ìkòkò. Kí wọ́n fi ìda dí etí wọn. Ajọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ lọ rà ní Tejúoṣó láàárọ̀ yìí, èyí tí ihò rẹ̀ kéré ni kí ẹ fi sẹ́ eérú.

Agolo kan wà nínú wọn tó wúwo. Má bẹ̀rù, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí mo ń kọ lẹ́tà yìí lọ́wọ́, mo rí ìyá rẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò, ó ń kó eérú jáde, ó ń sẹ́ ẹ. Mo ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ń gbé eérú láti Èkó lọ sí abúlé dà bí ẹni tó ń bu omi lọ sódò. Eérú kún ibẹ̀." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Eérú tiwọn nìyẹn. Èyí, tèmi ni." Ó sẹ́ ẹ tán, ó tún un sẹ́, ó dì í sínú agolo, ó fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀ kó tó dé e. Ẹ̀ẹ̀kan ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kì í ṣe ẹni tí ẹ̀wà ń ru nínú.

Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí wọ́n bá kórè, wá ìkòkò kékeré kan, po ẹ̀wà mọ́ eérú ìyá rẹ, kí o sì gbé e sí ilé Bùráímọ̀, kí òun máa bá wa ṣọ́ ọ. Má ṣí i kí ìgbà òjò tó dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, bí ẹ bá rí ihò lára rẹ̀, fi eérú mìíràn bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó sú ọ. Bí ẹ bá bá a bí ó ṣe wà, bu ife kan nínú rẹ̀ wálé. Ìyá rẹ á fọ̀ ọ́, á sè é, àlùbọ́sà á wà níbẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó yí abọ́ kan ká, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ bù ú jẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó sì ṣọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ bá dé lórí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làsísì, bàbá Ràímì.